Ooru inú bọ́ọ̀sì Hiace: kí ni kí n lẹ̀ mọ́ ọn?

Awakọ̀ Ìsánlú

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará. Bọ́ọ̀sì Toyota Hiace àtijọ́ kan ni mo fi ń ná ọ̀nà Ìsánlú sí Lọ́kọ́ja, gba Mópà àti Kàbà. Láti inú oṣù Kejì tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti mú, inú ọkọ̀ náà kì í ṣe ibi tó ṣeé jókòó sí mọ́. Bí àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń kó sìmẹ́ńtì bá dí wa lọ́nà nítòsí Ọbájànà, tí atẹ́gùn kò gba ojú fèrèsé wọlé mọ́, ìyá àgbà tó bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á máa gbé ẹsẹ̀ sókè bí ẹni tó tẹ eérú gbígbóná. Amúlétutù rẹ̀ ti kú kí n tó rà á.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ta rọ́bà dúdú kan fún mi, èyí tí ojú rẹ̀ kan ń dán bíi fàdákà. Ó ní kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ òrùlé àti ilẹ̀ ọkọ̀, pé ooru yóò di ohun ìgbàgbé. Mo ti lẹ díẹ̀ mọ́ òrùlé. Ariwo ìrìn ọkọ̀ dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò rí ìyàtọ̀ kankan nínú ooru. Ṣé èyí tí mo lẹ̀ ni kò tó, àbí wọ́n rẹ́ mi jẹ?

Mẹkáníìkì Ìyàrá

Ọ̀kun, ẹ̀gbọ́n. Ohun tí ẹ rà kò burú, iṣẹ́ tí ẹ fi rán an ni kì í ṣe tirẹ̀. Rọ́bà butyl ni. Ìwúwo rẹ̀ ló ń pa ìgbọ̀nrìrì páànù, ìdí nìyẹn tí ariwo fi dín kù, ṣùgbọ́n ohun tí kò nípọn ju mílímítà 2 lọ kò lè dá ooru dúró. Ojú rẹ̀ tó ń dán náà, àyàfi tí àlàfo afẹ́fẹ́ bá wà níwájú rẹ̀ ni ó tó lè ta ìtànṣán ooru padà. Bí a bá ti fi nǹkan tẹ̀ ẹ́ pa, ooru á kàn gba inú rẹ̀ kọjá bí ó ṣe ń gba ìdí ìkòkò alumíníọ̀mù.

Kí ẹ tó náwó sí i, ẹ kọ́kọ́ wádìí ibi tí ooru ti ń wọlé. Ẹ wa ọkọ̀ náà lóru fún bíi wákàtí kan. Bí ẹsẹ̀ yín kò bá gbóná, oòrùn ló ń bá yín jà. Bí ó bá gbóná síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì ni, nítorí pé abẹ́ ìjókòó iwájú gan-an ni ẹ́ńjìnnì Hiace wà. Orí rẹ̀ ni ìyá àgbà yẹn jókòó lé. Ẹ gbé ìjókòó náà sókè, kí ẹ fi ìka tọ rọ́bà tó yí etí ìdérí ẹ́ńjìnnì ká. Bí ó bá ti pẹ́, ó máa ń gan, á sì máa já kúkúrú bíi kókóró. Ibi tó bá ti já ni atẹ́gùn gbígbóná ń gbà wọlé, èéfín pẹ̀lú lè gba ibẹ̀, ìyẹn sì léwu ju ooru lọ. Ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ náà pẹ̀lú, bóyá páànù tó ń bo sàlẹ́ńsà ṣì wà níbẹ̀. Kí n má tan yín, ọ̀pọ̀ nínú àwa mẹkáníìkì la máa ń yọ ọ́ dànù nítorí ariwo tó ń pa bí bóòtù rẹ̀ bá tú.

Ẹ má fi fóòmù sí ibi tó sún mọ́ ẹ́ńjìnnì tàbí sàlẹ́ńsà o, ó lè gbiná.

Aránjòkòó Kàbà

Mo fara mọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ti òrùlé ni tèmi. Fóòmù tí omi kì í wọ inú rẹ̀ ni kí ẹ rà, kí ó nípọn tó mílímítà 6 sí 10. Èyí tó ń fa omi bíi tìmùtìmù yóò mú kí páànù dógùn-ún láti inú. Ẹ má ṣí rọ́bà tí ẹ ti lẹ̀, ẹ lẹ fóòmù bò ó. Rọ́bà tó bá bo nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin páànù ti tó pa ariwo, ṣùgbọ́n fóòmù gbọ́dọ̀ dé gbogbo igun, nítorí pé ibi tí kò bá dé ni ooru yóò gbà.

Lẹ́yìn aṣọ òrùlé, ẹ ó bá fóòmù àtijọ́ tó ti di ìyẹ̀fun. Ó máa ń há sínú èékánná mi fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ gbá a kúrò pátápátá, kí ẹ fi sípíríìtì nu ojú páànù kí gọ́ọ̀mù tó kàn án. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, aṣọ náà á wọ́ sílẹ̀ lé àwọn èrò lórí. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ọ̀dà tí wọ́n fi ń dí òrùlé ilé tó ń jò fún yín. Nínú oṣù Kẹta, òórùn rẹ̀ nìkan á lé èrò sọ̀kalẹ̀.

Ìyá Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ ti gbàgbé gíláàsì. Ó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn wọlé, dáṣíbọ́ọ̀dù àti ìjókòó á gbà á, wọ́n á sọ ọ́ di ooru tí gíláàsì kì í jẹ́ kó jáde. Nínú ọkọ̀ tí a ti pa sínú oòrùn, ooru lè fi bíi 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius ju ti ìta lọ láàárín wákàtí kan, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ló sì máa ń yára gòkè jù. Páálí tí ojú rẹ̀ ń dán ni mo máa ń nà sẹ́yìn gíláàsì iwájú bí mo bá ń nájà, sítíárì á sì ṣeé dì mú nígbà tí mo bá padà. Ní ti gíláàsì dúdú, ẹ rántí pé òfin tó ti wà láti 1991 béèrè ìwé àṣẹ.

Awakọ̀ Ìsánlú

Ẹ ṣé gan-an. Mo wa ọkọ̀ náà lọ sí Ẹ̀gbẹ̀, mo sì wà á bọ̀ lálẹ́ àná: ìjókòó gbóná bí ẹni pé ọ̀sán ni. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì, mo wo ó láti inú ọkọ̀, ìmọ́lẹ̀ sì yọ níbi mẹ́fà. Àṣé gbogbo èyí tí mo lẹ̀ mọ́ òrùlé kò kan ẹsẹ̀ ìyá yẹn rárá. Ṣé ẹ lè bá mi rí rọ́bà náà?

Mẹkáníìkì Ìyàrá

Ẹ mú èyí tó já náà dání, gbogbo ègé rẹ̀, kí a lè wọn gígùn rẹ̀. Ẹ má tíì kó fóòmù òrùlé wá ní ọjọ́ kan náà.