Àgbẹ̀dẹ ọkọ̀ ni kí a máa pè é

Ẹ̀gbọ́n wa tó túmọ̀ àpilẹ̀kọ nípa àwọn ilé tí wọ́n ti kọ́kọ́ ń ṣe mọ́tò ní ilẹ̀ Scotland, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo fẹ́ bá yín yẹ̀ wò: "ilé-iṣẹ́". Ẹ lò ó fún kọ́ńpìnnì, ẹ sì tún lò ó fún ilé tí kọ́ńpìnnì kọ́. Ẹ ní "ilé-iṣẹ́ Argyll kógbá sílé ní 1914, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ Argyll ṣì wà níbẹ̀." Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. Èwo ló lọ, èwo ló kù?

Ibẹ̀ gan-an ni ìtàn àwọn ilé yìí wà. Bridgeton ní Glasgow ni Alex Govan ti bẹ̀rẹ̀ Argyll, kọ́ńpìnnì tó ń ṣe mọ́tò. Ní 1906 wọ́n ṣí ilé tuntun ní ìlú Alexandria, tí kò jìnnà sí Glasgow. Òkúta pupa ni wọ́n fi kọ́ iwájú rẹ̀, ó gùn lọ rẹrẹẹrẹ, òrùlé bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé wà láàárín, wọ́n sì gbẹ́ ère mọ́tò sókè ẹnu ọ̀nà. Ọdún kejì ni Govan kú. Nígbà tó yá, àdó olóró abẹ́ omi ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ fún ọmọ ogun ojú omi, lẹ́yìn náà ó di ibi ìtajà.

Ẹnìkan dábàá pé kí a máa pe irú ilé bẹ́ẹ̀ ní "ààfin ọkọ̀" nítorí òrùlé yẹn. Mi ò fara mọ́ ọn. Iwájú nìkan ló jọ ààfin, kí ẹni tó bá fẹ́ ra mọ́tò láyé ìgbà náà lè gbà pé nǹkan ńlá lòun ń rà. Lẹ́yìn ògiri yẹn, iṣẹ́ irin ni. "Gàrájì" tún wá burú jù ú lọ. Gàrájì wà ní òpópónà Vinicombe ní Glasgow lóòótọ́, táìlì aláwọ̀ ewé àti funfun ni wọ́n fi bo iwájú rẹ̀, ibi ìgbọ́kọ̀sí sì ni wọ́n kọ́ ọ fún. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá kọ gàrájì fún òǹkàwé wa, Ọ̀jọ́ta ni ọkàn rẹ̀ máa lọ, àgbèrò á sì máa pe èrò Ìbàdàn.

Àgbẹ̀dẹ ni tèmi, torí orúkọ ibi iṣẹ́ ni. Ẹni tó ni ín là ń pè ní alágbẹ̀dẹ. Ní agboolé ìyá mi, ó ti pẹ́ tí wọn ò ti rọ irin mọ́. Adìyẹ ló ń sùn nídìí ẹwìrì. Síbẹ̀, bí wọ́n bá rán ọmọ níṣẹ́, "gba ẹ̀yìn àgbẹ̀dẹ" ni wọ́n ń wí.

Ẹ lè ní ahéré ni àgbẹ̀dẹ, kò sì bá Heathhall mu, nítòsí Dumfries, níbi tí Arrol-Johnston, kọ́ńpìnnì mọ́tò mìíràn, kó lọ láti Paisley ní 1913. Òótọ́ ni, ilé alájà ni, kọnkéré tí wọ́n ki irin rọ́ọ̀dù sí nínú, bí wọ́n ti ń kọ́ ọ l'Amẹ́ríkà. Bírìkìlà wa mọ iṣẹ́ yìí dáadáa: òpó ló ru ilé, ògiri ò ru nǹkan kan, torí náà gíláàsì lè gba àárín òpó méjì tán, kí ìmọ́lẹ̀ rọ̀jò sórí ọwọ́ oníṣẹ́. Bàtà rọ́bà ni wọ́n wá ń ṣe níbẹ̀ nígbẹ̀yìn. Mo kọ́kọ́ rò pé "ilé ìtọkọ̀" á dára níbẹ̀, láti ara "tò", àmọ́ ó sún mọ́ "ìtukọ̀" jù létí. Ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ilé ló ń fún un lórúkọ, kì í ṣe òrùlé rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún gbólóhùn yẹn kọ báyìí: "Kọ́ńpìnnì Argyll kógbá sílé ní 1914, iwájú àgbẹ̀dẹ ọkọ̀ wọn ṣì dúró ní Alexandria."