Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: bírákẹ́ẹ̀tì wo ni kí n fi síta ilé, èwo ni kí n fi sínú?

Ìyá Ìbejì (olùbéèrè)

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ ilé ni mo gbé wá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kí n dá a rò. Ilé wa ti parí ní ti kíkọ́, wọ́n ti rẹ́ ògiri, òrùlé ti wà lórí ẹ̀, àmọ́ tí mo bá dúró síta tí mo wo iwájú ẹ̀ ó kàn rí pẹrẹsẹ ni, ògiri funfun, wíńdò, ilẹ̀kùn, ó tán. Mo fẹ́ kó lẹ́wà. Mo ti ń wo àwòrán káàkiri, èyí tó wù mí jù ni àwọn bírákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn apá tó máa ń yọ jáde lára ògiri bí ẹni tó ń gbé nǹkan dúró, tí wọ́n máa ń tò sábẹ́ etí òrùlé, àwọn tó tẹ̀ kọ́rọkọ̀rọ tí wọ́n gbẹ́ ewé sí lára, àti àwọn ńlá méjì tó máa ń gbé òrùlé kékeré tó wà lókè ilẹ̀kùn àbáwọlé. Nínú ilé náà mo fẹ́ fi sábẹ́ káńtà kíṣìnì torí mo fẹ́ kí gíránáìtì ẹ̀ yọ síta káwọn ọmọ lè ti àga bọ abẹ́ ẹ̀ kí wọ́n jókòó, mo sì fẹ́ fi gbé pẹpẹ ìwé ní pálọ̀.

Ẹni tó fẹ́ tà á fún mi ní oríṣi kan ni kí n rà fún gbogbo ẹ̀, ó ní polyurethane ni, irú fóòmù líle kan, ó fúyẹ́, ikán ò lè jẹ ẹ́, òjò ò lè bà á jẹ́. Ọkọ mi ní pákó ló dáa, pé nǹkan tó fúyẹ́ tó yẹn ò lè gbé nǹkan kan dúró. Wẹ́dà tó ṣe géètì wa ní irin ni ká fi ṣe gbogbo ẹ̀ pátá. Èwo ni kí n gbọ́ nínú ẹ̀? Mélòó ni mo máa tò sábẹ́ òrùlé tó máa dáa tí kò ní pọ̀ jù? Kí ló yẹ kí n bi wọ́n kí n tó sanwó?

Káfíńtà Àgbà

Mà, ẹ kú oríire ilé o. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sọ òótọ́, ibi tí kálukú ń sọ ló yàtọ̀. Kẹ́ ẹ tó dárúkọ pákó tàbí irin rárá, ẹ kọ́kọ́ dáhùn èyí fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: ṣé ó máa ru ẹrù ni àbí oge ló wà fún? Láyé àtijọ́ òkúta tàbí igi tó yọ jáde látinú ògiri ni wọ́n, wọ́n ń ru etí òrùlé, wọ́n ń ru báńkónì, ọnà tí wọ́n gbẹ́ sí i, ẹ̀yìn iṣẹ́ ló wá. Èyí tó pọ̀ jù lára ohun tí wọ́n ń tà báyìí, ọnà nìkan ló kù lára ẹ̀, kò lágbára kankan nínú. Kò sóhun tó burú nínú ìyẹn tí onílé bá ti mọ̀. Wàhálà ni tí ẹnì kan bá gbé òkúta lé e.

Tó bá jẹ́ abẹ́ etí òrùlé, igi òrùlé fúnra ẹ̀ ti ru ara ẹ̀, oge ni yẹn, ẹ lo polyurethane yẹn kẹ́ ẹ sùn dáadáa, ẹni tó ń tà á ò parọ́ níbẹ̀. Òrùlé kékeré orí ilẹ̀kùn, ẹrù gidi ni, afẹ́fẹ́ á máa gbé e sókè, òjò á máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, pákó líle tàbí irin ló yẹ ẹ́. Káńtà, irin. Pẹpẹ ìwé, pákó gidi tàbí irin, torí ìwé wúwo ju bí èèyàn ṣe ń rò ó lọ.

Tó bá jẹ́ pé ọnà ti polyurethane yẹn lẹ fẹ́ràn níbi tí ẹrù wà, ọ̀nà wà ńbẹ̀ o. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà ṣe irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ru ẹrù, kí àwa wá fi èyí tó lọ́nà bò ó lójú, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ pé irin ló wà nínú ẹ̀.

Ohun kan tún wà táwọn èèyàn máa ń gbé kalẹ̀ lódì. Bírákẹ́ẹ̀tì tó lápá méjì, tí ọ̀kan gùn ju ìkejì, èyí tó gùn ni kẹ́ ẹ fi sára ògiri, kẹ́ ẹ jẹ́ kí kúkúrú wà lábẹ́ pẹpẹ. Ìdí ẹ̀ ni pé ẹrù tó wà lórí pẹpẹ ń fẹ́ fa sukúrù òkè yọ kúrò lára ògiri, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ló ń ti ògiri padà. Bí apá tó wà lára ògiri bá gùn ní ìlọ́po méjì, agbára tó ń fa sukúrù òkè yẹn máa dín sí bí ìdajì. Mo ti rí pẹpẹ tó já nílé ẹni tó gbé kúkúrú sára ògiri, irin náà ò tẹ̀ rárá, ògiri ló pọ sukúrù jáde.

Bọ̀dá Gíránáìtì

Ẹ jẹ́ kí n mú ti káńtà torí iṣẹ́ tèmi nìyẹn. Mà, ẹ wọn bí káńtà yín ṣe ga tó. Tó bá jẹ́ ínṣì 36 bíi ti ọ̀pọ̀ kíṣìnì, ẹni tó bá jókòó sídìí ẹ̀ nílò bíi ínṣì 15 fún orúnkún, tó bá ga tó ínṣì 42 bíi ti báà, ínṣì 12 ti tó. Òkúta tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 3 lè yọ síta tó bí ínṣì 10 láìsí nǹkan kan lábẹ́ ẹ̀, tó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2, ẹ má jẹ́ kó kọjá ínṣì 6. Ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀ fúnra yín, ínṣì 15 ti kọjá méjèèjì, ẹ gbọ́dọ̀ fi irin sí i. Ẹ má jẹ́ kí irin kan jìnnà sí ìkejì ju ínṣì 24 lọ, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gùn dé bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ibi tó yọ síta, ìyẹn ni bí ínṣì 10 nínú 15.

Ẹ wo ibi tí sukúrù máa wọ̀ dáadáa. Ẹ̀yìn kábínẹ́ẹ̀tì máa ń jẹ́ pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò lè mú un, ẹ jẹ́ kí káfíńtà kan igi líle sínú kábínẹ́ẹ̀tì níbi tí irin kọ̀ọ̀kan máa bọ́ sí kí òkúta tó dé o, torí tí òkúta bá ti lé e tán iṣẹ́ yẹn á le gan-an. Bírákẹ́ẹ̀tì ọlọ́nà tó bá ga jù á máa gbá àwọn ọmọ lórúnkún, ẹni kan nílò bí ínṣì 24 ní fífẹ̀ láti jókòó, ẹ tò ó kó bọ́ sáàárín àga àti àga. Tó bá jẹ́ tèmi, irin pẹlẹbẹ tó fara pamọ́ sábẹ́ òkúta ni mo máa fi ru ẹrù, kí n wá fi ọlọ́nà méjì péré sí igun méjèèjì fún ẹwà.

Àǹtí Ayàwòrán-ilé

Ẹ kú ọgbọ́n o gbogbo yín. Mà, ẹ ò tíì sọ bí etí òrùlé yín ṣe yọ síta tó, iye tẹ́ ẹ máa tò dọ́wọ́ ìyẹn. Ohun tó máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù lójú mi ni bírákẹ́ẹ̀tì tó kéré ju ilé lọ. Nínú fọ́tò ẹni tó ń tà á ó tóbi, tí wọ́n bá gbé e sókè tán tẹ́ ẹ wá dúró nísàlẹ̀ ẹ máa rí i pé kò já mọ́ nǹkan kan. Kó tó owó ni o, ẹ gé páálí ní ìwọ̀n tẹ́ ẹ rò, ẹ fi séló lẹ̀ ẹ́ síbi tó máa wà, ẹ jìnnà sẹ́yìn títí dé òdìkejì títì kẹ́ ẹ wò ó. Ẹ gé èyí tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ náà kẹ́ ẹ fi wé e. Ẹ máa mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tò ó, igun ilé méjèèjì ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ lápá kan kẹ́ ẹ máa wọn ín lọ títí tí ìyókù ò fi ní dọ́gba mọ́ lápá kejì. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wo wíńdò. Kí bírákẹ́ẹ̀tì wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wíńdò ju kí ọ̀kan bọ́ sí orí ẹ̀ níbi tí kò dọ́gba. Ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1840 sí 1880 wọ́n kọ́ ilé púpọ̀ tí wọ́n ń pè ní Italianate, òrùlé wọn máa ń yọ síta gan-an, méjì méjì ni wọ́n sì sábà máa ń to bírákẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ẹ̀, wọ́n á fi àlàfo sílẹ̀ kí méjì mìíràn tó dé. Ó yẹ kẹ́ ẹ gbìyànjú ẹ̀ lórí páálí torí ó máa ń jẹ́ kí ilé pẹrẹsẹ dà bí ẹni pé wọ́n rò ó dáadáa. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ rí bírákẹ́ẹ̀tì tó ń ṣiṣẹ́ tó tún lẹ́wà, ẹ wá àwòrán tẹ́ńpìlì Foguang ní Ṣáínà wò, ọdún 857 ni wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn ńlá tó wà níbẹ̀, igi tí wọ́n gbé léra wọn lábẹ́ òrùlé yẹn ló ń ru ú títí dòní. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an.

Ẹ má to ọnà ewé síta kẹ́ ẹ wá fi irin onígun pẹrẹsẹ sí pálọ̀. Ẹ mú ìlà kan, ẹ jẹ́ kí tinú jọ tìta díẹ̀.

Wẹ́dà Ọmọ Iṣẹ́

Mo rí i pé ẹ ń lé irin sẹ́yìn díẹ̀. Irin dáa síta o, tí wọ́n bá ṣe é dáadáa. Kí wọ́n lọ gbogbo ojú wẹ́dì kó dán, kí wọ́n nu eruku àti òróró kúrò, kí wọ́n rì í sínú síǹkì yíyọ́ tàbí kí wọ́n kun práímà tí kì í jẹ́ kó dípẹtà, kó tó di pé wọ́n kun ọ̀dà. Tí wọ́n bá lo páìpù onígun, kí wọ́n dí ẹnu ẹ̀ kí omi má wọnú lọ máa jẹ ẹ́ látinú. Ògiri yín funfun mà, tó bá dípẹtà, ó máa fa ilà pupa wálẹ̀ lára ògiri, ìyẹn sì ṣòro láti kùn bò.

Ìyá Ìbejì (olùbéèrè)

Ẹ ṣeun ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bù kún yín. Etí òrùlé wa yọ síta bí ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ìbéèrè míì tún dé: ẹni tó ṣe P.O.P sílíńgì wa ní òun lè da bírákẹ́ẹ̀tì ní móòdù fún mi, tìta tinú, pé á dín owó kù. Ṣé ó ṣeé ṣe? Àti pé búlọ́ọ̀kù oníhò ni wọ́n fi kọ́ ògiri wa, ṣé ó lè mú nǹkan dúró?

Bọ̀dá Péńtà

Tinú bẹ́ẹ̀ ni, tìta rárá o mà. P.O.P kò fẹ́ràn omi, òjò á máa rọ̀ ọ́, á máa bó, títí á fi já bọ́ lórí èèyàn. Tó bá jẹ́ pé àwòrán móòdù ẹ̀ lẹ fẹ́ràn, ẹ jẹ́ kó fi sìmẹ́ńtì tí wọ́n po fáíbà mọ́ dà á, ìyẹn lè wà níta, ṣùgbọ́n ó wúwo ju polyurethane lọ, ẹ má lẹ̀ ẹ́ lásán. Fóòmù funfun tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì bò náà dáa síta tí wọn ò bá fi ibi kankan sílẹ̀ láìbò. Pákó MDF, èyí tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi tẹ̀ pọ̀ ṣe, ẹ má gbé e síta rárá, á mumi á wú.

Tó bá di ọ̀dà, polyurethane máa ń wá pẹ̀lú práímà lára, ìyẹn kì í ṣe ọ̀dà o, oòrùn máa ń jẹ ẹ́ tí wọn ò bá kùn ún, ẹ kun ẹ̀ẹ̀mejì. Èyí tó bá jẹ́ PVC, ìyẹn rọ́bà líle, ẹ má kun dúdú tàbí àwọ̀ tó ṣókùnkùn sí i níbi tí oòrùn ti ń gbá a, á gbóná, á fẹ̀, á sì tẹ̀. Pákó ní tiẹ̀, ojú ibi tí wọ́n gé e ló ń mumi jù, gbogbo ojú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kùn kó tó gòkè, pàápàá ẹ̀yìn tó máa kan ògiri tí ẹnikẹ́ni ò ní rí mọ́. Sukúrù sítéńlẹ́ẹ̀sì ni kẹ́ ẹ lò síta, torí àwọn igi kan bí óòkù àti sídà máa ń sọ irin lásán di àbàwọ́n dúdú.

Ẹ̀gbọ́n Bíríkìlà

Búlọ́ọ̀kù oníhò lè mú polyurethane, kò wúwo, ẹ lo gọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣe fún un pẹ̀lú sukúrù àti fíṣà, ìyẹn rọ́bà kékeré tó ń mú sukúrù nínú ògiri, ẹ má gbára lé gọ́ọ̀mù nìkan. Tó bá kan òrùlé orí ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀ yí padà. Fíṣà lásán nínú ihò búlọ́ọ̀kù kò lè gbé e. Ẹ wá líńtẹ́ẹ̀lì tó wà lókè ilẹ̀kùn, kọnkéré ni, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti fi rọ́ọ̀bólùtù, bóòtù tó máa ń fẹ̀ nínú ihò kó lè di kọnkéré mú, mú orí bírákẹ́ẹ̀tì. Tí líńtẹ́ẹ̀lì ò bá gùn dé ibi tí bírákẹ́ẹ̀tì máa wà, ẹ la búlọ́ọ̀kù ibẹ̀ kẹ́ ẹ da kọnkéré kún ihò ẹ̀, ẹ jẹ́ kó gan dáadáa kẹ́ ẹ tó lu ú. Ẹ má lu rọ́ọ̀bólùtù sítòsí etí ògiri, á là á. Gbogbo lílu yìí, kó tó di pé wọ́n kun ọ̀dà ìkẹyìn ni o.

Ìyá Ìbejì (olùbéèrè)

Mo ti fi han ọkọ mi, ó ní òun gbà pé kí tabẹ́ òrùlé jẹ́ polyurethane. A máa gé páálí yẹn. Ó kù kí ẹ sọ ohun tí mo máa bi ẹni tó ń tà á.

Káfíńtà Àgbà

Ẹ bi í pé kìlógíráàmù mélòó ni ọ̀kan lè rù, kó fi ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe é hàn yín. Tí kò bá sí nǹkan kan nínú ìwé nípa ẹrù, ẹ kà á sí oge. Ẹ bi í bóyá inú ẹ̀ dí tàbí ó ṣófo, ẹ bi í gọ́ọ̀mù wo ni wọ́n ní ká lò. Ẹ ra ọ̀kan ṣoṣo ná kẹ́ ẹ tó ra ìyókù, ẹ gbé e sókè níbi tẹ́ ẹ ti lẹ páálí. Ọjọ́ tí wọ́n bá wá lẹ̀ ẹ́, ẹ dúró tì wọ́n, kí wọ́n fi sílíkọ́ọ̀nù dí òkè àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì níbi tó ti kan ògiri, kí wọ́n má dí ìsàlẹ̀, kí omi tó bá yọ́ wọlé lè rí ibi jáde.

Bọ̀dá Péńtà

Èyí tó bá wà níbi tí òjò ti ń kàn án lókè, pàápàá ti ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n jẹ́ kí orí ẹ̀ dagun síta díẹ̀, tàbí kí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ bò ó, kí omi má dúró lórí ẹ̀.