Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: àyà mi máa ń já níbi ìpàdé

Akọ̀wé_ÒkèMosàn:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo mọ iṣẹ́ mi dáadáa, ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá ti ní kí n dìde sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé Mọ́ńdè, ẹnu mi á gbẹ, ìwé ọwọ́ mi á máa gbọ̀n. Ẹnìkan sọ pé ìmọ̀ nípa ọpọlọ lè ràn mí lọ́wọ́. Kí lẹ ti gbìyànjú?

Baba_Láfẹ́ńwá:
Àbúrò, kì í ṣe àìmọ̀kan. Amygdala tó wà nínú ọpọlọ dà bí ọdẹ àdúgbò: tó bá ti fura, á fọn fèrè, àyà á sì máa lù kìkì. Kí o tó wọlé, mí sínú, kí o wá tú èémí náà jáde díẹ̀díẹ̀ kó pẹ́ ju bó ṣe wọlé lọ. Ìtújáde yẹn ló ń dẹ ìlù ọkàn.

Aláró_Ìtòkú:
Mo fara mọ́ ti Baba, àmọ́ oríkì ló ṣiṣẹ́ fún èmi. Ní 2014, Ethan Kross, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn èèyàn múra láti sọ̀rọ̀ níwájú àwùjọ. Àwọn tó fi orúkọ ara wọn bá ara wọn sọ̀rọ̀ ṣe dáadáa ju àwọn tó ń sọ pé “èmi, èmi” lọ. Mo kà á, mo pariwo: ohun tí ìyá mi ń ṣe nìyí! Tí oníbàárà bá fọwọ́ pa àdìrẹ mi, tó yọ ṣùtì sí iye tí mo pè, mo máa ń wo aró tó wà ní èékánná mi, màá wí sínú pé: “Àlàkẹ́, ìwọ lo pa á láró. Sọ iye rẹ̀, kó o dákẹ́.” Ẹ wá oríkì tiyín, ẹ pè é.

Tíṣà_Aṣérò:
Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ní kí ẹ fọwọ́ lé ìbàdí, kí ẹ yọ àyà bí ọba. Ìwádìí 2010 ló sọ pé ó ń yí họ́mónù, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń darí ara, padà. Nígbà tí àwọn mìíràn tún un ṣe ní 2015, wọn ò rí ìyípadà họ́mónù yẹn. Dana Carney, ọ̀kan lára àwọn tó kọ ti àkọ́kọ́, sọ ní 2016 pé òun ò gbà á gbọ́ mọ́. Dípò ìyẹn, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ́kọ́ máa béèrè ní ìpàdé kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà tí ọpọlọ bá ń tọ̀ léraléra ló máa ń mọ́ ọn lára.

Akọ̀wé_ÒkèMosàn:
Ẹ ṣeun gan-an. Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì mi. Láti ìgbà tí ìyá àgbà ti lọ, ẹnikẹ́ni ò pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é nínú kẹ̀kẹ́ ní Panṣẹ́kẹ́ ni, omi sì bọ́ lójú mi. Mo ti kọ ìbéèrè kan sílẹ̀ de Mọ́ńdè.