Wọ́n fẹ́ ta ìtàn fún àbúrò mi ní Paris

Ọmọ Takìé (Ògbómọ̀ṣọ́):
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ọmọ Ajílété tó wà lókè òkun. Àbúrò mi ọkùnrin, èyí tó parí ní LAUTECH, ti dé Paris. Ó ti forúkọ sílẹ̀ fún asylum, ìyẹn ààbò tí ìjọba ń fún ẹni tó sá àsálà, wọ́n sì ti fún un ní fọ́ọ̀mù tó máa kọ ìtàn ara rẹ̀ sí. Ọkùnrin kan níbẹ̀, ọmọ Nàìjíríà bíi tiwa, ní òun máa bá a kọ ọ́, 400 yúrò. Ẹ wá gbọ́ ìtàn tó fẹ́ kọ o: pé Boko Haram dáná sun ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa mí, ẹ̀rù wá tẹ̀ lé e, torí èmi ni wọ́n ní kí n fowó náà ránṣẹ́. Kí n ṣe é àbí kí n má ṣe é?

Bàbá Ìbejì (Lyon):
Má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́.

Kó tó kọ ohunkóhun, jẹ́ kó wo fíìmù kan, L'Histoire de Souleymane, tí Boris Lojkine ṣe. Ọdún 2024 ló jáde. Ọmọ Guinea kan ló ń fi kẹ̀kẹ́ gbé oúnjẹ kiri ìgboro Paris, ọjọ́ méjì ló sì kù kí wọ́n fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò ní OFPRA, iléeṣẹ́ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ asylum ní Faransé. Orúkọ ẹlòmíì ló fi ń ṣiṣẹ́ yẹn. Bí fóònù bá ní kó ya fọ́tò ojú rẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé òun ni, àfi kó sáré gun kẹ̀kẹ́ lọ bá ẹni tó ni orúkọ, kí onítọ̀hún wá fi ojú tirẹ̀ síbẹ̀. Ọwọ́ ẹni yẹn náà lowó ń bọ́ sí. Ní kùtùkùtù òwúrọ̀, á pe 115, nọ́ńbà àwọn tí kò rílé gbé, kó lè rí ibi sùn lálẹ́. Tí bọ́ọ̀sì tó ń kó wọn lọ síbẹ̀ bá fi í sílẹ̀, ìta ló sùn nìyẹn. Èmi tí mò ń gbé níbí ò rí àsọdùn kankan níbẹ̀.

Ẹnì kan ti ta ìtàn fún òun náà: pé ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú alátakò ni, pé wọ́n mú un, wọ́n sọ ọ́ sí àtìmọ́lé. Orí kẹ̀kẹ́ ló ti ń kọ́ ọ sórí bí ọmọ iléèwé tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìgbà tó wá jókòó síwájú obìnrin tó ń bi í léèrè, obìnrin náà ti gbọ́ irú ìtàn yẹn rí lẹ́nu àwọn ẹlòmíì. Mi ò ní sọ èyí tó kù.

Jágunlabí (Toronto):
Ẹ̀gbọ́n, fíìmù nìyẹn. Àwọn tó purọ́ tí wọ́n sì gba ìwé, ṣé a ò mọ̀ wọ́n ni? Tí ọmọ náà bá lọ sọ pé àìrówó-ná ló lé òun kúrò nílé, ṣé wọ́n máa fún un?

Bàbá Ìbejì (Lyon):
Wọn ò ní fún un. Àdéhùn Geneva ti ọdún 1951 lórí àwọn tó sá àsálà ka ohun márùn-ún tó lè mú kí wọ́n ṣe inúnibíni séèyàn: ẹ̀yà, ẹ̀sìn, orílẹ̀-èdè, èrò òṣèlú, àti pé èèyàn jẹ́ ara àwùjọ kan pàtó. Ìṣẹ́ ò sí lára wọn. Mi ò sọ pé ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ebi fẹ́ pa àti ẹni tí ìbọn fẹ́ pa, ikú kan náà ni wọ́n ń sá fún lójú tèmi. Àmọ́ òfin tó wà nílẹ̀ nìyẹn, òun ni wọ́n sì máa fi dá a lóhùn.

Ti àwọn tó purọ́ tó o ń sọ, òótọ́ ni, àwọn kan rí i gbà. Wá wo ohun tí wọ́n gbà. Ìwé ìrìnnà tí wọ́n ń fún ẹni tó sá àsálà, ó lè fi dé ibi tó pọ̀ láyé, àfi ilẹ̀ tó ní òun sá kúrò. Tí ìyá bá kú ní Ògbómọ̀ṣọ́, orí fóònù ló ti máa wo bí wọ́n ṣe ń gbé e sin. Àkọ́bí ọkùnrin o! Àwọn kan máa ń gba Cotonou yọ́ wọlé. Tí ìjọba bá gbọ́, wọ́n lè gba ìwé ọ̀hún padà. Ìtàn tó o rà yẹn kò sì parí lọ́jọ́ tí wọ́n fún ọ níwèé: tó o bá fẹ́ mú ìyàwó wá, tó o bá fẹ́ di ọmọ onílùú, fáìlì kan náà ni wọ́n máa ṣí.

Ọmọ Takìé, pe àbúrò rẹ níwọ nìkan, kì í ṣe níwájú ẹbí. Bi í bóyá ohun kan wà tó ń sá fún lóòótọ́ tí kò lè sọ nílé. Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Tó bá wà, òun ló yẹ kó kọ, kó má fi irọ́ ẹlẹ́ni bò ó mọ́lẹ̀.

Màmá Leeds:
Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mò ń ṣe níbí, ẹnu mi ò sì gbọdọ̀ sọ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ mo lè sọ ohun tó wọ́pọ̀. Àwọn tó ń bi wá léèrè ní ìròyìn orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan nílẹ̀, wọ́n sì ní máàpù. Ògbómọ̀ṣọ́ wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìlọrin. Borno níbo, Takìé níbo? Wọ́n á ní ọjọ́ wo ni wọ́n sun ilé, ìwé ìròyìn wo ló gbé e, ta lẹ jọ sá. Ilé jó ní Takìé tí ará Takìé ò gbọ́!

Ìbéèrè tó ń da àwọn èèyàn wa láàmú jù ni èyí: "Kí ló dé tí o ò kó lọ sí ìlú mìíràn ní Nàìjíríà?" Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí tàbí àwọn àna ló lé ọ, wọ́n máa bi ọ́ léèrè Èkó, Abẹ́òkúta, Abuja. Ẹni tí kò bá tíì ronú nípa rẹ̀ á kàn máa wò bọ̀ọ̀. Tí o ò bá rántí déètì, sọ pé o ò rántí, kó o wá sọ ohun tó o fi ń ṣírò rẹ̀: lẹ́yìn Iléyá, ọdún tí àbúrò rẹ wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Má dá déètì sílẹ̀ láti fi tẹ́ wọn lọ́rùn. Kó o sì yà bàbá tó bí ọ sọ́tọ̀ kúrò lára àbúrò bàbá, torí bàbá tó kú lójú ewé kejì ò gbọdọ̀ máa pè ọ́ lórí fóònù lójú ewé kẹfà.

Fún àwọn tí wọ́n bá ń wo UK: owó tí wọ́n ń fún ẹni tó ń dúró dèsì, tó bá ń dáná fúnra rẹ̀, jẹ́ 49.18 pọ́n-ùn lọ́sẹ̀ nígbà tí mo wò ó gbẹ̀yìn. Kò lè tọrọ àyè àtiṣiṣẹ́ àfi tó bá dúró kọjá oṣù méjìlá tí ìdádúró náà ò sì ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá, kì í sì í ṣe gbogbo iṣẹ́. Lọ́yà ọ̀fẹ́ wà fún ẹni tí kò lówó. Ẹni tó bá ń gbowó ìmọ̀ràn lọ́wọ́ yín tí kì í ṣe lọ́yà, ẹ bi í bóyá orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Immigration Advice Authority, àjọ tó ń fún àwọn olùdámọ̀ràn bẹ́ẹ̀ láṣẹ. Tí kò bá sí, ọ̀daràn ni.

Alàgbà Kùmásí (London):
Ẹ kú làákàyè. Ọmọ kékeré ni mí ní Kumasi, ní Ghana, lóṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú lọ́sẹ̀ méjì pé kó kó ẹrù rẹ̀. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ níbẹ̀ bí nǹkan míì. Kò sẹ́ni tó bi wá ní ìtàn nígbà yẹn, ìwé ni wọ́n béèrè. Ọmọ Takìé, wá gbogbo ìwé tó jẹ́ ti àbúrò rẹ gan-an jọ nílé, ti ìbí, ti iléèwé, ti ọsibítù, kó o ya fọ́tò wọn, kó o fi ránṣẹ́. Ká má gbọ́ pé ẹnì kan lọ bá ẹ ṣe afidéfíìtì èké ní kọ́ọ̀tù.

Ọmọ Takìé:
Ẹ ṣeun bàbá. Mo bá a sọ̀rọ̀ lóru. Kò sí ẹni tó ń lé e. Iṣẹ́ ló fẹ́ ṣe, ilẹ̀ tí wọ́n sì tà níbí kó lè lọ ló ń dùn ún. Kí ló kù tó lè ṣe?

Bàbá Ìbejì (Lyon):
Kó wo déètì orí ìwé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ 21 ni fọ́ọ̀mù yẹn ní láti fi dé OFPRA, èdè Faransé ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́. Kó má jókòó sílé. Ilé ìrànwọ́ tó gbà á lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò ní gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Kó lọ sọ òótọ́ ibẹ̀ fún wọn, kí wọ́n sọ ọ̀nà tó ṣí àti èyí tó tì. Tí OFPRA bá kọ̀, oṣù kan ló ní láti pẹjọ́ sí CNDA, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ asylum, àmọ́ ọjọ́ 15 ni fún títọrọ lọ́yà ọ̀fẹ́, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù.

Ní ti iṣẹ́: Abou Sangaré tó ṣe Souleymane, ọmọ Guinea ni lóòótọ́, kò sì níwèé nígbà tí wọ́n ń ya fíìmù náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti kọ̀ láti fún un níwèé. Ó gba àmì ẹ̀yẹ òṣèré ní Cannes ní 2024, oṣù kìn-ín-ní 2025 ló tó rí ìwé ọdún kan gbà.

Jágunlabí (Toronto):
Ṣé kí gbogbo wa lọ máa ṣe fíìmù ni?

Bàbá Ìbejì (Lyon):
Ìwọ ọmọ yìí! Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó fẹ́ gba ìwé nípa iṣẹ́ níbí, ìwé owó oṣù tó ní orúkọ tirẹ̀ ló máa kó sílẹ̀. Ẹni tó ń fi orúkọ ẹlòmíì gbé oúnjẹ kiri lè ṣe é fún ọdún mẹ́ta kó má ní bébà kan tó máa fi hàn. Kí ọmọ náà má yá orúkọ ẹnikẹ́ni lò. Tó bá di oṣù mẹ́fà tí OFPRA ò tíì dáhùn, ó lè béèrè àyè láti ṣiṣẹ́.

Màmá Leeds:
Kó sì má ju àpòòwé lẹ́tà kankan nù.

Ọmọ Takìé:
Mo ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọkùnrin yẹn tún ti fi nọ́ńbà báǹkì ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ yìí. Ó ní torí pé ará ilé kan náà ni wá, kí n mú 250 wá.

Jágunlabí (Toronto):
Búlọ́ọ̀kù ẹ̀ jàre.