Ẹ gbà mí o, wọ́n ní kí n wá ṣàlàyé ara mi lọ́jọ́ Jímọ̀

Ọmọ Ìpàtà, Leeds. Àlàrùba, 9:12 alẹ́
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ẹ kú alẹ́. Ẹ dákun, ẹni tí kò bá tíì sùn kó dá mi lóhùn. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Ẹ mọ̀ pé ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọdún kẹta rèé. Ọ̀sán yìí ni lẹ́tà máníjà bá mi lórí ímeèlì pé kí n wá sí mítìn ìwádìí lọ́jọ́ Jímọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀. Wọ́n ní kò sí ìfọwọ́sí lórí ìwé oògùn bàbá tó wà ní yàrá 12 lálẹ́ Sátidé, èmi sì ni àgbà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Wàláhì, èmi kọ́ ni mo pín oògùn! Ìyá kan ló ṣubú ní yàrá 4, ni ẹnìkejì mi bá ní kí n sáré lọ síbẹ̀, kí n kó kọ́kọ́rọ́ kẹ̀kẹ́ oògùn fóun, òun á parí ẹ̀. Mo kó o fún un. Òun náà ló tún lọ fẹjọ́ mi sùn lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ẹni tí mo kọ́ níṣẹ́. Ẹni tí mò ń bu ọbẹ̀ fún. Àárọ̀ yìí la ṣì jọ rẹ́rìn-ín nídìí tíì.

Físà mi wà lọ́wọ́ ibi iṣẹ́ yìí, ọmọ mi méjì sì wà nílé-ìwé níbí. Mo ti fèsì lẹ́tà náà o. Mo ní sọ́rì, kí wọ́n má bínú fún gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, pé kò ní í ṣẹlẹ̀ mọ́. Kí ni kí n tún ṣe? Ṣé mo lè mú èèyàn dání lọ? Àbí kí n kúkú gba ìsinmi àìsàn kí n má yọjú?

Ìyá Ìbejì, Birmingham. 9:20
O ní sọ́rì? O kọ ọ́ sílẹ̀? Yéè! Ọmọ mi, ta ló rán ẹ níṣẹ́?

Ìyá Ìbejì, Birmingham. 9:31
Má bínú pé mo pariwo. Ọ̀rọ̀ yẹn ló dá àpá sí mi lára. 2019 ni, ibi iṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ. Wọ́n ní mo pẹ́ kí n tó dé yàrá ìyá kan tó tẹ aago. Mo wọlé, mo ní, "Sọ́rì, mà." Bí èèyàn ṣe ń sọ "ẹ pẹ̀lẹ́" fún ẹni tó kọsẹ̀ lọ́jà ni mo ṣe sọ ọ́. Ṣé ẹni tó ní pẹ̀lẹ́ ló tì í ni? Ọ̀dọ́mọbìnrin kan jókòó sí igun tábìlì, ó ń fi bírò aláwọ̀ ewé kọ ohun tá à ń sọ. Nígbà tá a parí, ó ti ìwé náà sí mi pé kí n fọwọ́ sí i. Aago mẹ́ta ku díẹ̀, àwọn ìbejì ń dúró dè mí nílé-ìwé. Mo fọwọ́ sí i, mi ò kà á. Ẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni ẹ̀dà rẹ̀ tó dé ọwọ́ mi. Ìlà kẹta: ó gbà pé òun jẹ̀bi, ó sì tọrọ àforíjì.

Ìkìlọ̀ ìkẹyìn ni wọ́n fún mi, oṣù 12 ló fi wà lórí mi. Ipò tí mo ti ń lé bọ̀ láti ọdún méjì, ẹlòmíràn ló gbà á lóṣù tó tẹ̀ lé e.

Bùọ̀dá Òmù-Àrán, Manchester. 9:44
Ẹ jẹ́ ká ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìyá Ìbejì, kì í ṣe sọ́rì ló pa yín lára, ìwé tẹ́ ẹ fọwọ́ sí láìkà ni. Òfin wà fún England àti Wales, Compensation Act 2006, tó sọ pé àforíjì nìkan kì í sọ èèyàn di ẹni tó jẹ́wọ́ ẹ̀bi. Àwọn dókítà gan-an, wọ́n ń kọ́ wọn pé kí wọ́n máa bẹ aláìsàn tí nǹkan bá yíwọ́. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ló bẹ̀bẹ̀ yẹn. Ẹ má jẹ́ ká torí iṣẹ́ òyìnbó gbé ìwà ọmọlúàbí sọnù.

Àlájà Gáà Àkànbí, London. 9:58
Bùọ̀dá, òfin tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn, ti ẹni tó bá pe ẹjọ́ ní kóòtù pé wọ́n fi àìbìkítà ṣe òun léṣe ni. Kò kan máníjà tó jókòó sẹ́yìn tábìlì, tó ń wá ẹni tó máa ru ẹ̀bi. Ọ̀tọ̀ ni ká bẹ aláìsàn, ọ̀tọ̀ ni ká bẹ ẹni tó ń ka ẹ̀sùn síni lẹ́sẹ̀. Ìgbà tọ́mọ yìí wá kọ ọ́ pé "kò ní í ṣẹlẹ̀ mọ́", ṣé kò ti ní ó ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ òun nìyẹn? Gbólóhùn yẹn ló ń bà mí lẹ́rù ju sọ́rì lọ.

Bàbá Táńkẹ̀, Ìlọrin. 10:06
Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé níbí ni mo rí ọ̀rọ̀ yín. Ọdún 31 ni mo lò níṣẹ́ ìjọba kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ má bá ọmọ yẹn wí, ohun tá a fi kọ́ ọ nílé ló ṣe. Tí wọ́n bá já kúẹ́rì fún ọ níbí, wákàtí 24 tàbí 48 lo ní láti fèsì. Ẹni tó gbọ́n kì í bá ọ̀gá jiyàn nínú ìwé. Á kọ ọ́ pé ó dun òun, pé irú ẹ̀ ò ní wáyé mọ́, á sì wá àgbà kan tó mọ ilé ọ̀gá, wọ́n á lọ kí i lẹ́yìn ìrun alẹ́. Ọ̀gá á bú u díẹ̀, á ní kí wọ́n kìlọ̀ fún un. Ìwé wọ fáìlì, ọ̀rọ̀ parí. Mo ti báni bẹ ọ̀gá báyìí, wọ́n sì ti wá bẹ èmi náà báyìí. Ta ni ẹ̀yin máa rán lọ bẹ máníjà yẹn?

Àlájà Gáà Àkànbí, London. 10:11
Kò sẹ́ni tá a máa rán, Bàbá. Ohun tó ń dùn mí jù nílùú yìí nìyẹn. Nílé, ẹ̀bẹ̀ ló ń ti ilẹ̀kùn ẹjọ́. Níbí, òun ló ń ṣí i. Mo bá ọmọ wa kan lọ sí irú mítìn yìí rí, ó wolẹ̀ títí wọ́n fi parí, torí pé ẹni tó ń bi í léèrè jù ú lọ. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò lè wo ojú àwọn. Ọmọ Ìpàtà, wo ojú wọn. Wọn ò ní kà á sí àfojúdi.

Ó dáa. Ìyá tó ṣubú ní yàrá 4, ta ló kọ fọ́ọ̀mù ìṣubú rẹ̀?

Ọmọ Ìpàtà, Leeds. 10:13
Èmi ni mà.

Àlájà Gáà Àkànbí, London. 10:13
Aago mélòó lo kọ síbẹ̀?

Ọmọ Ìpàtà, Leeds. 10:15
8:10 ló ṣubú. Mo kọ ọ́ pé mo wà lọ́dọ̀ wọn títí di 8:50. Mo pe 111, nọ́ńbà tá a fi ń béèrè ìmọ̀ràn ìlera, mo sì ń wo bí wọ́n ṣe ń mí.

Àlájà Gáà Àkànbí, London. 10:15
Oògùn bàbá yàrá 12 ńkọ́?

Ọmọ Ìpàtà, Leeds. 10:16
8:30.

Ọmọ Ìpàtà, Leeds. 10:16
Háà.

Ìyá Ìbejì, Birmingham. 10:17
Alihamudulilai! Alihamudulilai Róbílàlámìn!

Àlájà Gáà Àkànbí, London. 10:24
Nu ojú ẹ, kí o jókòó. Kọ ímeèlì kejì lálẹ́ òní, má jẹ́ kó ju ìlà mẹ́fà lọ. Aago tí o kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ẹni tí o kó o fún, yàrá tí o wà, aago tí o jáde níbẹ̀. Sọ pé àánú bàbá tí kò rí oògùn mu ló jẹ́ kí o kọ àforíjì lọ́sàn-án, kì í ṣe pé o gbà pé ìwọ lo fi í sílẹ̀. Ní kí wọ́n tọ́jú fọ́ọ̀mù ìṣubú, ìwé tí wọ́n ń kọ kọ́kọ́rọ́ sí, àti àwòrán kámẹ́rà ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó bá wà, kó má lọ pa rẹ́. Má bú obìnrin yẹn. Má dárúkọ ọbẹ̀.

Bùọ̀dá Òmù-Àrán, Manchester. 10:29
Àlájà, ẹ rọra o. Tó bá kọ ọ́ pé òun kó kọ́kọ́rọ́ fún ẹlòmíràn, ìyẹn náà lè di ẹ̀sùn. Ṣé obìnrin yẹn ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ oògùn?

Ọmọ Ìpàtà, Leeds. 10:31
Ó ti gbà á, sà. Èmi gan-an ni mo jókòó tì í lọ́jọ́ tó dán an wò. Ṣùgbọ́n a ò kọ kọ́kọ́rọ́ náà sínú ìwé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá yẹn ti ń kígbe.

Bùọ̀dá Òmù-Àrán, Manchester. 10:32
Hùn.

Ọmọ Àjàṣẹ́, Glasgow. 10:35
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu iṣẹ́ dé ni. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, lọ́la tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ má ya fọ́tò ìwé oògùn yẹn o! Ẹ jọ̀ọ́! 2021, irú ẹjọ́ yìí gan-an ni tèmi. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á yí ìwé padà, ni mo bá yọ fóònù, mo ya á. Orúkọ arúgbó, ọjọ́ ìbí, àìsàn tó ń ṣe é, gbogbo ẹ̀ hàn kedere. Mo bọ́ nínú ẹ̀sùn oògùn. Fọ́tò yẹn ni wọ́n fi lé mi lọ. Ìwé ni kẹ́ ẹ fi béèrè: ohun tí wọ́n bá kọ pa mọ́ nípa yín, òfin fún wọn ní oṣù kan láti kó o fún yín.

Ìyá Ìbejì, Birmingham. 10:38
Fi jọ́tà tìrẹ sínú àpò, kó o máa kọ aago àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ sí i. Tèmi ti di mẹ́rin. Orúkọ arúgbó kankan kò sí níbẹ̀.

Kó o sì wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lálẹ́ yìí.

Ọmọ Àjàṣẹ́, Glasgow. 10:40
Ó ti pẹ́ díẹ̀, Ìyá Ìbejì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gba ẹjọ́ tó ti wà nílẹ̀ kéèyàn tó wọlé. Ẹ wọlé ṣá, fún ọjọ́ mìíràn.

Bùọ̀dá Òmù-Àrán, Manchester. 10:44
Lórí pé ó fẹ́ mú èèyàn dání, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Láti 1999 ló ti wà nínú òfin: ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ tàbí aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Tí ẹni náà ò bá ráyè lọ́jọ́ yẹn, ó lè ní kí wọ́n sún un síwájú láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún.

Àlájà Gáà Àkànbí, London. 10:47
Ìgbẹ́jọ́ ìbáwí tàbí ti ẹ̀hónú nìyẹn, Bùọ̀dá. Mítìn ìwádìí ni wọ́n pe ọmọ yìí sí, òfin ò fi dandan lé ìyẹn. Àwọn ibòmíràn ń gbà á, àwọn mìíràn kì í gbà á.

Bùọ̀dá Òmù-Àrán, Manchester. 10:49
Ta ló ń ka orúkọ mítìn? Ibi tí wọ́n bá ti lè bá iṣẹ́ èèyàn jẹ́, ẹjọ́ ni.

Àlájà Gáà Àkànbí, London. 10:50
Ẹ bá òfin wí, ẹ má bá mi wí. Kó ka ìwé ìlànà ibi iṣẹ́ ẹ̀, kó sì béèrè. Kíkọ̀ ni wọ́n máa kọ̀.

Ní ti ìsinmi àìsàn, ọjọ́ méje àkọ́kọ́ kò gba ìwé dókítà, ṣùgbọ́n wọ́n á dúró dè ọ́ ni. Físà ńkọ́: tí iṣẹ́ bá bọ́, kí Ọlọ́run má jẹ́, Home Office, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí físà, ló máa kọ̀wé sí ọ, ọjọ́ 60 ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn láti wá ẹlòmíràn tó máa gbà á. Kì í ṣe ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n máa gbé ẹ sínú ọkọ̀ òfuurufú. Sùn.

Bùọ̀dá Òmù-Àrán, Manchester. 10:58
Ohun kan ló ń yà mí lẹ́nu. Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu dùn ju iyọ̀! Ọmọ Ìlọrin ni wọ́n ń bi léèrè ọ̀rọ̀, tí ẹnu ẹ̀ wá kú?

Ọmọ Ìpàtà, Leeds. 11:00
Bùọ̀dá, Yorùbá ni ẹnu yẹn fi dùn.

Ìyá Ìbejì, Birmingham. 11:02
Ì bá jẹ́ ọmọ Ọ̀fà ni wọ́n pè ni! Ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Wọn ò ní tíì jókòó tán tá a fi máa gbé wọn ṣánlẹ̀.

Ọmọ Àjàṣẹ́, Glasgow. 11:03
Ìyá Ìbejì, ta ló fọwọ́ síwèé bírò aláwọ̀ ewé?

Ìyá Ìbejì, Birmingham. 11:05
Mo ṣubú, mo dìde, ọmọ dáadáa. Ọmọ wa mẹ́ta ni mo ti bá lọ sí irú mítìn yẹn níbi iṣẹ́ mi báyìí, bírò tèmi sì ni mo fi ń kọ tèmi. Kó Leeds yẹn sílẹ̀ jàre, Ọmọ Ìpàtà, kó o máa bọ̀ ní Birmingham. Èèyàn wa pọ̀ níbí, èlùbọ́ gidi wà.

Bùọ̀dá Òmù-Àrán, Manchester. 11:07
Èlùbọ́ Birmingham? Ẹ dákẹ́. Manchester ni kó wá.

Ọmọ Ìpàtà, Leeds. 11:09
Ẹ̀yin ará mi, wàrà ni mi ò rí ní Leeds. Láti ọ̀sán ni mi ò ti lè jẹun, wàrà nìkan ló ń wá sí mi lọ́kàn.

Àlájà Gáà Àkànbí, London. 11:12
Sè é. Wàrà màálù lítà mẹ́rin, kó gbóná, kó má tíì hó. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo fi ń dì í, torí mi ò rí ewé bòmubòmu. Á dì, ṣùgbọ́n kò ní òórùn yẹn.

Bàbá Táńkẹ̀, Ìlọrin. 11:18
Èmi jẹ tèmi lálẹ́ yìí. Ọmọbìnrin Fúlàní kan ló gbé e dé ẹnu ọ̀nà wa, omi ṣì ń ro nídìí igbá. Ìyá ilé dín in, ó bu ata gígún wọ́n ọn.

Ìyá Ìbejì, Birmingham. 11:19
Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa wá.

Ọmọ Àjàṣẹ́, Glasgow. 11:21
Ọdún mẹ́fà ni mi ò tíì délé. Bàbá, ṣé òjò ti ń rọ̀ níbẹ̀?

Bàbá Táńkẹ̀, Ìlọrin. 11:23
Ó rọ̀ lánàá. Òkè Sóbì ti tutù yọ̀yọ̀. Ìyá rẹ ń kí ọ, mo rí i níbi ìkómọ ní Sátidé, ó ní kí o máa pe òun lọ́sàn-án, pé alẹ́ ni oorun ń gbé òun.

Ọmọ Àjàṣẹ́, Glasgow. 11:24
Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ ṣé gan-an.

Àlájà Gáà Àkànbí, London. 11:40
Ọmọ Ìpàtà, ṣé o ti fi ímeèlì yẹn ránṣẹ́?

Ọmọ Ìpàtà, Leeds. 11:46
Mo ti kọ ọ́ tán, mà. Ohun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ́ ẹ kà wà níbẹ̀. Sọ́rì mẹ́ta ni mo bá nínú ẹ̀ nígbà tí mo tún un kà, mo ti yọ méjì. Èyí tó kù wà nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mi. Ṣé kí n yọ ọ́?

Àlájà Gáà Àkànbí, London. 11:46
Yọ ọ́.

Bùọ̀dá Òmù-Àrán, Manchester. 11:47
Fi í sílẹ̀.