Switch lára ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù: Arduino ń ka ẹyọ kan sí méjì, mẹ́ta

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fi limit switch (switch tí apá ẹ̀rọ máa ń tẹ̀ nígbà tó bá kàn án) sára ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù ẹ̀gbọ́n mi, kí Arduino Uno (kọ̀ǹpútà kékeré tí a máa ń kọ ètò sí) lè máa ka iye búlọ́ọ̀kù tí wọ́n bá tẹ̀ jáde. Iye yìí la fẹ́ fi máa san owó àwọn ọmọ iṣẹ́, kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ rárá.

Pin 2 ni mo so ó mọ́, pẹ̀lú INPUT_PULLUP (tó ń mú kí iná pin wà lókè tí a kò bá tẹ switch) àti attachInterrupt (interrupt ni ìpè ojú ẹsẹ̀ tó ń dá Arduino dúró láti kà á) tó ń wo FALLING, ìyẹn ìgbà tí iná pin bá já wálẹ̀. Mo fi millis (aago inú Arduino) sí i, kó má ka nǹkan kan fún mílísẹ́kọ́ńdì 50 lẹ́yìn títẹ̀. Ìyẹn ran ìgbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tú u sílẹ̀, irin inú switch tún máa ń ta síra, Arduino á sì tún kà á. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ sì ń gbọ̀n gan-an.

Ṣé kí n fi interrupt sílẹ̀, kí n máa yẹ pin wò ní mílísẹ́kọ́ńdì márùn-ún márùn-ún títí yóò fi dúró sójú kan? Àbí kí n fi kapásítọ̀ 0.1µF sí i, kí iná pin má baà máa yí padà lójijì? Pull-up inú Uno (resistor tó ń fa iná pin sókè) wà láàárín 20kΩ sí 50kΩ; tí a bá fi kapásítọ̀ yẹn sọ ọ́ di ìlọ́po, àkókò rẹ̀ jẹ́ mílísẹ́kọ́ńdì 2 sí 5 péré. Lójú tèmi, ó kéré. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é lórí ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n, ẹ jọ̀ọ́, èwo lẹ lò?