Ká ní sáyẹ́ǹsì àwọn Mùsùlùmí àtijọ́ kò dẹ̀yìn, níbo ni awò ojú ì bá ti kọ́kọ́ jáde?

Ìyá Oníjígí, Òkè-Fìà

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Iṣẹ́ awò ojú ni mo ń ṣe níbí l'Òṣogbo. Bí dókítà bá ti yẹ ojú yín wò tán, ọ̀dọ̀ irú èmi ni ẹ óò mú ìwé rẹ̀ wá, kí n lọ etí lẹ́ńsì kí n sì fi í sínú férémù. Àwọn àgbàlagbà tó fẹ́ ka Kùránì já kí ààwẹ̀ tó parí ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyí. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ibn al-Haytham. Basra ni wọ́n bí i sí ní nǹkan bí ọdún 965, àmọ́ Cairo ló ti kọ ìwé ńlá rẹ̀ nípa ìmọ́lẹ̀ àti ojú. Àwọn ọ̀mọ̀wé Gíríìkì kan ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ojú ló ń ta ìtànṣán jáde lọ bá ohun tí à ń wò. Ó ní rárá, ìmọ́lẹ̀ ló ń ti ara nǹkan wá bá ojú, kò sì fẹnu lásán sọ ọ́: ó lo yàrá òkùnkùn tó ní ihò kékeré láti fi dán an wò. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1300 sí òkè, Kamal al-Din al-Farisi ní ilẹ̀ Páṣíà tún ìwé yẹn gbé yẹ̀ wò. Ó bu omi kún ìgò roboto kan, ó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì fi ṣàlàyé bí òṣùmàrè ṣe ń yọ. Ìgò omi! Ẹni tó bá ti gbé ìgò omi sórí ìwé rí mọ̀ pé lẹ́tà á tóbi sí i. Ó ku díẹ̀ báyìí kó kan iṣẹ́ tèmi.

Síbẹ̀, Ítálì ni awò ojú ti jáde, ní nǹkan bí ọdún 1290, lẹ́yìn tí wọ́n ti tú ìwé Ibn al-Haytham sí èdè Látìnì. Awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn, ọ̀dọ̀ àwọn ará Netherlands ni, ní 1608.

Ìbéèrè mi: ká ní Baghdad kò bọ́ sọ́wọ́ Hulagu, olórí ogun àwọn Mongol, ní 1258, ká ní àwọn ọba ṣì ń náwó lé irú àwọn èèyàn yìí lórí, ṣé kì í ṣe Cairo tàbí Tabriz ní ilẹ̀ Páṣíà ni awò méjèèjì ì bá ti jáde? Báwo ni ì bá ṣe kan àwa? Ẹ má kàn wí fún mi pé àmúwá Ọlọ́run ni. Mo mọ ìyẹn.

Àáfà Òkè-Báálẹ̀

Ìyá, ẹ kú iṣẹ́, kí Ọlọ́hun lọ́wọ́ sí i. Ẹ jẹ́ ká fi Baghdad sílẹ̀ ná. Ohun tí Hulagu ṣe níbẹ̀ burú jáì, ṣùgbọ́n ní 1259, Hulagu kan náà ló ní kí Nasir al-Din al-Tusi kọ́ ilé ìwòràwọ̀ sí Maragha, ní ilẹ̀ Páṣíà. Ní Damascus, Ibn al-Shatir, tó kú ní 1375, ni wọ́n fi ṣọ́ àkókò ìrun ní mọ́ṣáláṣí ńlá àwọn Umayyad. Àpèjúwe tó ṣe nípa ìrìn òṣùpá ni ẹ máa bá nínú ìwé tí Copernicus, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Yúróòpù tó ní ayé ló ń yí oòrùn ká, tẹ̀ jáde ní 1543. Ní Samarkand, Ulugh Beg, ọba fúnra rẹ̀, ló ń ka ìràwọ̀. Ọmọ bíbí inú rẹ̀ ló rán an lọ sọ́run ní 1449, ilé ìwòràwọ̀ rẹ̀ náà sì dahoro.

Ẹ ò rí i? Wọn kò pa ìmọ̀ náà lọ́jọ́ kan. Ọba kan ló máa ń gbé e ró. Bí ọba yẹn bá ti lọ, ó di wàláà tí wọ́n fọ̀: tàdáwà ti ṣàn lọ, pátákó ló kù.

Ní ti àwa, ká ní irú ọ́fíìsì Ibn al-Shatir wà ní mọ́ṣáláṣí ìlú kọ̀ọ̀kan, ìjà òṣùpá ààwẹ̀ tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín wa, tí ilé kan ń ṣọdún tí ilé kejì ń gbààwẹ̀, ó ṣeé ṣe kó ti tán. Mo ní ó ṣeé ṣe o. Mo mọ àwọn èèyàn wa.

Atẹ̀wé Ọláìyá

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Àáfà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀. Ní Istanbul, Taqi al-Din ní ilé ìwòràwọ̀ tuntun ní 1577. Sultan Murad Kẹta ní kí wọ́n wó o ní 1580. Ní àkókò yẹn gan-an ni Tycho Brahe ń ṣe iṣẹ́ kan náà ní erékùṣù Hven, lábẹ́ ọba Denmark. Tirẹ̀ náà wó nígbà tó yá! Àmọ́ ìṣirò rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Kepler, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Jámánì, Kepler sì tẹ̀ ẹ́ ní 1627. Ẹni tó bá lówó á rà á, kò ní láti mọ ọba kankan.

Gutenberg ti ń tẹ̀wé ní Jámánì láti nǹkan bí 1450. Kó tó di 1500, àwọn Júù ti ń tẹ tiwọn ní Istanbul níbẹ̀. 1727 ni Ibrahim Müteferrika ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àṣẹ láti máa fi lẹ́tà Lárúbáwá tẹ̀wé níbẹ̀. Ẹ ro iye ọdún tó wà láàárín. Bí wọ́n bá ní kí n yí ohun kan ṣoṣo padà, n kò ní fọwọ́ kan Hulagu. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ni mo máa gbé lọ sí Cairo ní 1460, màá sì padà wálé.

Tíṣà Ayétòrò

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bíi pé àlàáfíà ni ìmọ̀ máa ń bá wá. Ní 1591, ọmọ ogun Mòrókò gbé ìbọn la aṣálẹ̀ kọjá, wọ́n ṣẹ́gun Songhai, ìjọba ńlá tó ni Timbuktu nígbà yẹn, ní Tondibi. Mùsùlùmí ló kọlu Mùsùlùmí. Wọ́n mú Ahmed Baba, ọ̀mọ̀wé Timbuktu, lọ sí Marrakesh. Òun ló sọ pé ìwé òun, 1,600, ló kéré jù láàárín ìdílé òun, wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi wó ilé ẹ̀kọ́ yẹn, inú sáyẹ́ǹsì lòun náà ti jáde.

Ẹ wá wo tiwa. Ní 1840, ibí yìí ni Ìbàdàn ti dá ọmọ ogun Ìlọrin dúró. Ká ní Cairo ló ń rọ àgbá tó dára jù láyé, tí wọ́n ń gba Kano kó o wá sí Ìlọrin ńkọ́? Ìyá ìyá mi, aláró ni, ọlọ́ṣun sì ni. N kò rò pé Igbó Òṣun ì bá wà níbẹ̀ kí UNESCO tó wá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2005.

Ìyá Oníjígí, Òkè-Fìà

Tíṣà, ẹ sọ̀rọ̀. Àmọ́ ìbọn kò kúkú dúró de Cairo. Etí òkun ló gbà wọlé, àwọn tó sì ń tà á kò kọ́ wa ní bí wọ́n ṣe ń rọ ọ́.

Atẹ̀wé, mo gba ọ̀rọ̀ ẹ wọlé, ìwọ ọmọ yìí. Ó rán mi létí Muhammad al-Kishnawi. Katsina ló ti jáde, Cairo ló kú sí ní 1741, ó sì kọ ìwé lórí bí a ṣe ń to nọ́ńbà sínú ilé ilé tí àròpọ̀ rẹ̀ fi ń bára mu níbùú àti lóròó. Ọmọ ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí ni o! Ká ní ó dé Cairo tó bá awò ọ̀nà jíjìn àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé níbẹ̀, ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi rò, kì í ṣe ti ìbọn.

Àáfà, bí ẹ bá ní ìwé kankan nípa ọkùnrin yìí ní ilé kéwú yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi. Mo ń ṣí títí di Màgáríbì.